Ọwọ́ Òsì Marlys Haugen

Ọwọ́ òsì ni Marlys Haugen fi ń ya àwòrán níbi iṣẹ́, bẹ́ẹ̀ ọwọ́ ọ̀tún ni Ọlọ́run fún un. Kì í ṣe àìsàn, kì í sì í ṣe àṣà ìdílé. Iṣẹ́ ló sọ ọ́ dà bẹ́ẹ̀, iṣẹ́ tó ní òun máa ṣe fún ìgbà òtútù kan péré, kí òun fi rówó ra ọ̀dà.

Ilé àwòrán kan ní Duluth, ìlú kan ní Amẹ́ríkà, ló gbà á síṣẹ́, ilé bíríkì pupa tó dojú kọ adágún. Marlys ló ń mú àwọn tó bá wá wòran káàkiri inú rẹ̀: ọmọ iléèwé láàárọ̀, àwọn àgbàlagbà láti ilé ìtọ́jú arúgbó ní ọ̀sán ọjọ́ Ìṣẹ́gun. Bí wọ́n bá wo àwòrán tán, wọn á sọ̀kalẹ̀ lọ sí yàrá abẹ́ ilé, oníkálukú á so épírọ́ọ̀nù mọ́ra, á ya tirẹ̀. Kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀, Marlys á gbé àpẹẹrẹ kan sókè kí wọ́n lè mọ ohun tí wọ́n fẹ́ ṣe.

Lọ́dún àkọ́kọ́, ó ya ẹja kan gẹ́gẹ́ bí àpẹẹrẹ, ẹja tí ìpẹ́ rẹ̀ ń dán, tí ojú rẹ̀ ń wo ènìyàn. Ọmọbìnrin kan wo ẹja yẹn, ó wo bébà tó wà níwájú òun fúnra rẹ̀, ó rọra gbé kíréyọ́ọ̀nù sílẹ̀, ó ní òun fẹ́ máa lọ sílé. Ni àwọn bíi mélòó kan bá gbé tiwọn náà sílẹ̀. Ọ̀gá Marlys nígbà náà, obìnrin tó ti di olóògbé báyìí, fà á sí kọ̀rọ̀.

“Marlys, àpẹẹrẹ tó bá dára jù, olè ni. Ó ti jí ọwọ́ àwọn ọmọ yẹn lọ. Ya á kó wọ́ díẹ̀, kó o sì fi igun kan sílẹ̀ láìkùn, kí ẹni tó bá rí i lè sọ nínú ara rẹ̀ pé, ‘Ṣé èyí náà ni? Màá ṣe jù bẹ́ẹ̀ lọ.’”

Ọgbọ́n ni ìyá yẹn sọ. Ẹni tó bá ní irọ́ ni, kó kó ọgbọ̀n ọmọ jọ, kó kọ́ wọn ní ẹja yíyà wò. Láti ọjọ́ náà ni Marlys ti gbé búrọ́ọ̀ṣì sí ọwọ́ òsì, igun ìsàlẹ̀ lápá ọ̀tún ló sì máa ń fi sílẹ̀ ní funfun. Àwọn ọmọ bẹ̀rẹ̀ sí í yàwòrán bí ẹni tó ń jà. Inú gbogbo wọn dùn.

Òfin kejì iṣẹ́ náà tún le ju ti ọwọ́ òsì lọ. Ẹni tó ń mú ènìyàn wòran kò gbọdọ̀ sọ ohun tí àwòrán túmọ̀ sí. Ìbéèrè mẹ́ta ló gbọdọ̀ wà lẹ́nu rẹ̀: Kí ló ń ṣẹlẹ̀ nínú àwòrán yìí? Kí lẹ rí tí ẹ fi sọ bẹ́ẹ̀? Kí la tún rí? Ohunkóhun tí ènìyàn bá fi dá a lóhùn, ìbáà jẹ́ ọ̀rọ̀ ọgbọ́n tàbí ìsọkúsọ, kò gbọdọ̀ sọ pé rárá. Á fi ìka tọ́ka sí ibi tí onítọ̀hún ń sọ, á sì tún ọ̀rọ̀ náà sọ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́: “Ẹ ní ọkùnrin yìí ń sá fún ìyàwó rẹ̀.” Lẹ́yìn náà, ó di ọ̀dọ̀ ẹlòmíràn.

Ìwà tí ènìyàn ń hù níbi iṣẹ́ kì í sì í jókòó síbi iṣẹ́. Bí Duane ọkọ rẹ̀ bá tọ́ ọbẹ̀ wò tó ní, “Ṣé iyọ̀ wà nínú èyí?” Marlys á ní, “Kí lo tọ́ wò tó o fi sọ bẹ́ẹ̀?”

“Omi gbígbóná ni mo tọ́ wò!” Duane á pariwo. “Obìnrin yìí, ọkọ rẹ ni mí, mi ò bá bọ́ọ̀sì iléèwé wá!”

Wọ́n á jọ rẹ́rìn-ín nígbà náà. Nígbà tó yá, Marlys nìkan ni kì í rẹ́rìn-ín mọ́.

Ìlú kékeré kan lókè, níbi tí wọ́n ti ń wa irin, ni wọ́n bí Marlys sí. Eruku pupa kì í kúrò lára aṣọ tí wọ́n bá sá níbẹ̀. Nígbà tó ní òun ń lọ kọ́ iṣẹ́ àwòrán ní ìlú ńlá Minneapolis, àwọn ará àdúgbò ní, “Ó yàtọ̀ o.” Ẹni tó bá ti pẹ́ lápá ibí mọ ìyẹn. Àwọn ènìyàn yìí kì í sọ fún ọ pé nǹkan rẹ ò dára, ẹnu wọn ò sì lè sọ pé rárá. “Ó yàtọ̀” ni wọ́n máa ń sọ, wọn á wá gé kéèkì fún ọ pé kó o máa jẹ.

Yìnyín adágún ni Marlys ń yà nígbà yẹn, kì í ṣe èyí tó tẹ́jú tó dákẹ́, bí kò ṣe èyí tó ń fọ́ nígbà tí òtútù bá ń lọ, tí afẹ́fẹ́ á máa ti àfọ́kù rẹ̀ gun ara wọn wá sí èbúté. Ó mọ̀ ọ́n yà débi pé ẹni tó bá wò ó á fẹ́ de bọ́tìnì kóòtù rẹ̀. Wọ́n fún un lẹ́bùn lórí rẹ̀ nígbà kan. Gbogbo ẹni tó mọ̀ ọ́n ló gbà pé Marlys máa lọ jìnnà.

Ibi tó lọ ò ju Duluth ní ìsọ̀kalẹ̀ òkè lọ. Duane padà di ẹni tó ní àtọ̀gbẹ, iṣẹ́ èbúté sì bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ó wá ń bá àwọn ará àdúgbò tún ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń kó yìnyín ṣe ní ìdajì gáréèjì wọn. Ní ilẹ̀ yìí, ibi iṣẹ́ ènìyàn ló ń bá a gbọ́ bùkátà dókítà. Bí Marlys bá fi ilé àwòrán sílẹ̀, abẹ́rẹ́ Duane dà? Bí ìgbà òtútù kan ṣe di méjì nìyẹn, tó di mẹ́wàá, tí irun di funfun. Ẹnikẹ́ni ò tì í mọ́lé o. Kọ́kọ́rọ́ ilé àwòrán gan-an wà lápò rẹ̀. Síbẹ̀, láràárọ̀ tó bá ń ṣí ilẹ̀kùn ẹ̀yìn yẹn, ó máa ń ṣe é bíi pé òun ló ń ti ara rẹ̀ mọ́ inú ibẹ̀.

Ohun kan ṣoṣo ló ń gbé e ró. Ìdajì gáréèjì kejì jẹ́ tirẹ̀, àwọn yìnyín rẹ̀ sì wà níbẹ̀. Bí ẹnikẹ́ni bá bi í pé iṣẹ́ wo ló ń ṣe, á ní, “Mò ń mú ènìyàn wòran, àmọ́ iṣẹ́ mi gan-an wà nílé.”

Ọdún tí Marlys máa pé ọgọ́ta ọdún ni ọ̀gá tuntun dé láti Chicago, Corinne Vetter, obìnrin tí kò tíì tó ogójì ọdún, tó ń rìn bí ẹni tí ọkọ̀ fẹ́ fi sílẹ̀. Òun ló ń yan àwòrán tí wọ́n máa gbé kọ́. Ó bá Marlys níbi tó ti ń fọ búrọ́ọ̀ṣì.

“Marlys, mo gbọ́ pé ẹ̀yin náà ń yàwòrán. Yàrá kékeré tó kọjú sí adágún yẹn, mo fẹ́ fi fún ará ìlú yìí kan nígbà òtútù, ká gbé iṣẹ́ rẹ̀ kọ́ síbẹ̀. Ṣé mo lè wá wo iṣẹ́ yín nílé?”

“Ẹ lè wá,” ni Marlys wí, ó sì ń fọ búrọ́ọ̀ṣì tó ti mọ́ lọ. Nígbà tí Corinne lọ tán, ó wọ tóíléètì, ó sunkún, ó bọ́jú, ó sì jáde lọ mú àwọn ọmọ kíláàsì kejì wòran.

“Ẹ̀ẹ̀kan péré,” ló sọ fún Duane nírọ̀lẹ́ lórí oúnjẹ. “Kí wọ́n rí yìnyín mi lẹ́ẹ̀kan péré kí n tó kú, kí wọ́n mọ̀ pé mi ò kàn ń júwe ọ̀nà tóíléètì fún ènìyàn.”

Duane ò dápàárá ní tiẹ̀ lọ́jọ́ yẹn. Ó lọ kó àwọn ẹ̀rọ rẹ̀ síta, ó gbá gáréèjì, ó fa iná sí i, ó sì to àwọn kánfáàsì ìyàwó rẹ̀ sára ògiri lọ́kọ̀ọ̀kan. Nígbà tó tò wọ́n tán, ó dúró, ó ń họ orí.

“Marlys, èwo ló parí níbẹ̀?”

“Gbogbo wọn ló kù díẹ̀.”

“Díẹ̀ wo? Igun kan náà ni! Wò ó, wò ó, wò ó.”

Marlys wò ó. Ìsàlẹ̀ lápá ọ̀tún, lórí gbogbo wọn, èyí tó yà nígbà tí orí rẹ̀ ṣì dúdú àti èyí tó yà ní oṣù tó kọjá: funfun. Kò mọ̀ rí. Ó ti rò pé oríṣiríṣi ìdí ló jẹ́ kí òun dúró, pé oúnjẹ wà lórí iná, pé ọwọ́ ń ro òun, pé òun á padà sí i. Ẹ̀rù tó bà á lọ́jọ́ náà, kò bá ọkọ rẹ̀ sọ ọ́.

Ó gbìyànjú láti parí ọ̀kan kí àlejò tó dé. Lọ́sàn-án ọjọ́ Àìkú, ó fi ọwọ́ ọ̀tún bọ búrọ́ọ̀ṣì nínú ọ̀dà, ọwọ́ náà sì ṣiṣẹ́ dáadáa títí ó fi dé etí igun yẹn. Níbẹ̀ ló ti gan. Kò dùn ún, kò kàn lọ ni. Ó gbé búrọ́ọ̀ṣì sí ọwọ́ òsì. Ọwọ́ òsì ò bèèrè nǹkan kan, ó kun igun náà wúruwùru, yìnyín ọmọdé, yìnyín tí ènìyàn á wò tí á ní òun lè ṣe jù bẹ́ẹ̀ lọ. Marlys fi ọ̀bẹ ha á kúrò, ó nu ojú ibẹ̀, ó sì jókòó tì í títí ilẹ̀ fi ṣú.

Ọjọ́ pé, Corinne dé. Marlys ti gbé kọfí kaná, ó ti gé kéèkì sórí àwo. Corinne ò jẹ kéèkì. Ó lọ tààrà síwájú kánfáàsì tó tóbi jù, ó sì dúró tì í pẹ́. Marlys rí i tí ọwọ́ rẹ̀ ń wá bọ́tìnì kóòtù, ayọ̀ sì fẹ́rẹ̀ẹ́ gbé e ṣubú.

“Marlys, kí lẹ̀ ń wá nínú yìnyín yìí? Kí ló dé tó jẹ́ òun lẹ̀ ń yà látọjọ́ yìí?”

Ìbéèrè tí Marlys ti ń dúró dè láti ìgbà ọmọge nìyẹn. Ìdáhùn sì wà nínú rẹ̀. Ó fẹ́ sọ pé bàbá òun ló mú òun wá sétí adágún lọ́jọ́ kan tí yìnyín ń fọ́, pé bàbá tí kì í sọ̀rọ̀, tí kì í yọ omi lójú, dúró níbẹ̀ ó ń sunkún, tí òun ò sì mọ ìdí rẹ̀ títí dòní. Ó la ẹnu.

“Kí ló ń ṣẹlẹ̀ nínú rẹ̀, lójú yín?” ló jáde.

Corinne rẹ́rìn-ín. “Ó dáa. Yìnyín ń fọ́. Ó dà bíi pé nǹkan kan fẹ́ lọ, wọn ò jẹ́ kó lọ.”

“Kí lẹ rí tí ẹ fi sọ bẹ́ẹ̀?”

“Marlys.” Ẹ̀rín náà ti dín kù. “Mi ò sí ní kíláàsì kẹta o. Ẹ̀yin ni mò ń bi. Kí ló dé tí igun yìí ṣófo? Kí ló dé tí gbogbo wọn ṣófo níbẹ̀?”

Marlys mọ̀ pé ó yẹ kí òun sọ̀rọ̀. Ó mọ̀ pé ilẹ̀kùn tó ṣí yìí kì í ṣí lẹ́ẹ̀mejì.

“Ẹ ní igun yìí ṣófo,” ló wí, ó sì fi ìka tọ́ka sí i. “Kí la tún rí?”

Bó ti wù kí ọ̀bẹ mú tó, kò lè gbẹ́ èkù ara rẹ̀. Corinne yíjú kúrò lára kánfáàsì. Ó ń wo yíká bí àlejò tó ń wá ọ̀nà àtilọ, ibẹ̀ ló ti rí àwọn páálí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ irinṣẹ́ Duane. Omi ti wọ yàrá abẹ́ ilé níbi iṣẹ́ nígbà kan, Marlys sì kó àwọn àpẹẹrẹ rẹ̀ wá sílé kí wọ́n má baà jẹrà.

“Kí lèyí?”

“Àpẹẹrẹ ni. Àwọn tí mo ń yà fún àwọn ọmọ,” ni Marlys wí. Ìyẹn ò há a lọ́fun rárá.

Corinne dà wọ́n sílẹ̀. Ẹja, òdòdó nínú ìkòkò, ojú ènìyàn tí imú rẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ etí, màlúù aláwọ̀ búlúù, òṣùpá tó wọ́, gbogbo ọ̀nà tí ayé ti gbà yàwòrán rí, pẹ̀lú ọwọ́ òsì, tí igun kọ̀ọ̀kan ṣófo. Corinne kúnlẹ̀ sáàárín wọn. Ojú rẹ̀ ti yí padà.

“Marlys! Àwọn wọ̀nyí ni! Ẹni tó fi gbogbo ayé rẹ̀ fi àyè sílẹ̀ fún ẹlòmíràn! Àwọn ló yẹ ká gbé kọ́, láti ògiri dé ògiri.”

Marlys fẹ́ sọ pé rárá. Ó fẹ́ kígbe pé ìdọ̀tí ọwọ́ òun lẹ gbé yẹn, pé Duane ti ń fi òmíràn dáná. Àmọ́ ohun tí ẹnu ti ń sọ láti ọdún gbọọrọ ni ẹnu mọ̀. Ó fi ìka tọ́ka sílẹ̀, ohùn rẹ̀ sì jáde pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́:

“Ẹ ní àwọn wọ̀nyí ló yẹ ká gbé kọ́, láti ògiri dé ògiri.”

“Ẹ ṣeun!” Corinne dìde, ó dì mọ́ ọn. “Ẹ̀rù ti ń bà mí pé ẹ ò ní gbà. A ti fẹnu kò nìyẹn.”

Nígbà tí mọ́tò rẹ̀ lọ tán, Duane gba ẹnu ọ̀nà wọlé. “Báwo ni? Èwo ló mú?”

“Ó mú àwọn àpẹẹrẹ.”

“Èyí tí mo fi ń dáná?” Duane wo ojú rẹ̀, ó sì rí i pé kì í ṣe eré. “Kí lo wá sọ fún un?”

“Mo tún ohun tó sọ sọ.”

“Áà, Marlys. Wọ́n ní ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́. Ìwọ ò tiẹ̀ dákẹ́, o bá a fi ẹnu ara rẹ ta ara rẹ.” Ó jókòó lórí ẹ̀rọ kan. Nígbà tó tún sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ ti wálẹ̀. “Àbí tìtorí abẹ́rẹ́ mi ni? Pé o ò fẹ́ kí wọ́n bínú sí ọ?”

“Rárá,” ni Marlys wí. Rárá kan ṣoṣo tó ti ẹnu rẹ̀ jáde nìyẹn lọ́sẹ̀ náà, kì í sì í ṣe òótọ́ tán.

Ní ọjọ́ Ajé, ó pinnu pé òun á lọ bá Corinne. Kó tó dé ibẹ̀, àwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ ti gbọ́. Wọ́n ti to kéèkì oríṣiríṣi sórí tábìlì, wọ́n ń fò mọ́ ọn, wọ́n ń sọ pé ó tó, ó yẹ, ó ti pẹ́ jù. Ta ló máa jẹ kéèkì ènìyàn tán kó tó sọ pé òun ò ṣe mọ́? Ó wọ ọ́fíìsì Corinne pẹ̀lú èérún kéèkì lára súwẹ́tà rẹ̀.

“Nípa yàrá yẹn,” ló wí. “Mo ti ń rò ó. Ó... ó yàtọ̀.”

Ọ̀rọ̀ tó le jù tí ẹnu rẹ̀ lè gbé nìyẹn. Ì bá ṣe pé ará Duluth ni Corinne, ì bá ti mọ̀ pé rárá ni, ì bá ti ní kí wọ́n jókòó sọ ọ́. Ará Chicago ni. “Àbí!” ni Corinne wí. “Ohun tí mo fẹ́ gan-an nìyẹn!”

“Ṣé ẹ lè bá mi fi yìnyín kan sí i?” ni Marlys bẹ̀ ẹ́. “Ọ̀kan péré.”

Corinne ronú sí i díẹ̀. “Kò burú. A ó wá àyè kan fún un lẹ́bàá ilẹ̀kùn.”

Bí wọ́n ṣe gbé àpẹẹrẹ kún ògiri mẹ́rẹ̀ẹ̀rin nìyẹn, tí yìnyín wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn. Lọ́jọ́ tí wọ́n ṣí i, àwọn ènìyàn mu wáìnì nínú ife rọ́bà, wọ́n ń rẹ́rìn-ín sí màlúù búlúù, wọ́n ń bọ Marlys lọ́wọ́. Ẹni tó bá ti ìlú mìíràn wá ní, “Ó wúni lórí.” Àwọn ará ilé ní, “Ó yàtọ̀ o, Marlys.” Ó ń dúpẹ́ lọ́wọ́ gbogbo wọn. Bí ẹnikẹ́ni bá ti ṣí ilẹ̀kùn wọlé, ilẹ̀kùn a bo yìnyín náà mọ́lẹ̀.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun tó tẹ̀ lé e, àwọn àgbàlagbà dé láti ilé ìtọ́jú, wọ́n sì ní kí Marlys mú wọn lọ wo yàrá tuntun. Orúkọ Marlys wà lẹ́nu ọ̀nà, àmọ́ àwọn yìí kì í ka àkọlé, òfin iṣẹ́ sì ni pé wọn kì í kà á fún ènìyàn. Ọ̀kan nínú wọn ni Bernadine Skoglund, tó jókòó sórí kẹ̀kẹ́ aláìlèrìn, tó ti ń gbàgbé orúkọ ọmọ tó bí, àmọ́ tí kò tíì gbàgbé bí wọ́n ṣe ń bú ènìyàn. Àwọn yòókù kó ara wọn jọ sídìí ẹja, wọ́n ń sọ̀rọ̀ ẹja tí wọ́n ti pa rí. Bernadine ní kí wọ́n ti ilẹ̀kùn yẹn, pé afẹ́fẹ́ ń wọlé. Bí wọ́n ṣe tì í, ó di òun àti yìnyín, ojú kojú.

“Ẹ ti kẹ̀kẹ́ mi sún mọ́ ọn,” ló wí.

Marlys tì í sún mọ́ ọn. Àwọn yòókù yí padà, wọ́n ń bọ̀. Kò sí ọ̀nà míì. “Kí ló ń ṣẹlẹ̀ nínú àwòrán yìí?” ló bi wọ́n.

“Ó ń tutù,” ni Bernadine wí, ó sì fa súwẹ́tà rẹ̀ pọ̀ lọ́rùn.

“Kí lẹ rí tí ẹ fi sọ bẹ́ẹ̀, Màmá?”

“Kí ni mo rí? Ṣé ojú mi fọ́ ni? Ẹni tó ya eléyìí mọ iṣẹ́. Èmi ti gbé etí omi yìí láti kékeré, bó ṣe ń rí nìyẹn.” Ó na ìka tó ti wọ́. “Àmọ́ ojo ni. Wo ibẹ̀ yẹn. Ó rìn dé ibẹ̀, ẹ̀rù bà á, ó sá.”

Gbogbo wọn yíjú sí Marlys. Wọ́n mọ bí wọ́n ṣe máa ń ṣe é. Ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ ló na, ó fi ìka tọ́ka sí igun funfun náà, ó sún mọ́ ọn débi pé ó fẹ́rẹ̀ẹ́ kàn án. Ohùn rẹ̀ ò gbọ̀n. Iṣẹ́ rẹ̀ nìyẹn, ó sì mọ̀ ọ́n ṣe.

“Màmá ní ẹni tó yà á mọ iṣẹ́. Wọ́n ní ojo ni. Wọ́n ní nígbà tó dé ibí yìí, ẹ̀rù bà á, ó sá.” Ó mí. “Kí la tún rí?”

Ẹnikẹ́ni ò rí nǹkan mìíràn. Wọ́n padà sídìí ẹja.

Nígbà tí ọkọ̀ wọn dé, Marlys bẹ̀rẹ̀ sí í bá wọn wọ kóòtù lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ síwájú Bernadine, ó ń bá a de bọ́tìnì. Ìyá náà di ọwọ́ rẹ̀ mú.

“Ọmọ mi, ṣé o mọ ẹni tó ya yìnyín yẹn?”

“Mo mọ̀ ọ́n.”

“Ṣé ó ṣì wà láyé?”

Marlys gbé ojú sókè. Ìdáhùn náà wà níbẹ̀, ọ̀rọ̀ kékeré kan péré, kò wúwo.

“Kí lẹ rí tí ẹ fi sọ bẹ́ẹ̀?” ló bi í.